Ohun Tó Ń Jẹ Ìrẹsì Ìyá Japheth

Wọ́n ń sọ ọ́ kiri Ọjà'ba, láti ìdí àtẹ àwọn elépo títí dé ojú ọ̀nà tó gun òkè Mápó, pé Ìyá Japheth oníìrẹsì ká ìyàwó ọmọ rẹ̀ mọ́ ibi tó ti ń bu ìrẹsì sínú báàgì. Wọ́n ní ó já a sí ìhòòhò lójú gbogbo ọjà, ó gbé ẹrù lé e lórí, ó ní kó máa lọ sí Òjé, sílé bàbá rẹ̀. Àwọn kan fi kún un pé ìlàjì àpò ni wọ́n bá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ náà. Kí ọ̀rọ̀ ọ̀hún tó dé Bẹẹrẹ, ìlàjì àpò ti di àpò kan ààbọ̀.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Olúwakẹ́mi kò jí ẹyọ ìrẹsì kan. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan aṣọ lára rẹ̀. Ẹrù tó gbé lọ sí Òjé, òun fúnra rẹ̀ ló dì í. Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, bàtà àti páànù ìwẹ̀ ọmọ ló wà níbẹ̀. Ìrẹsì dínkù lóòótọ́ o, ìyẹn kì í ṣe irọ́. Ohun tó ń jẹ ẹ́ ni gbogbo wọn ò mọ̀, Ìyá Japheth pàápàá ò sì mọ̀ ọ́n.

Eunice ni orúkọ tí wọ́n fi sàmì fún Ìyá Japheth ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà. Ọmọ Pópó Yemọja ni, ó ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́ta, ìrẹsì àti ẹ̀wà ló sì ń tà láti kékeré, láti ìgbà tó ti ń jókòó ti ìyá rẹ̀ ní ìsọ̀ kan náà tó wà títí dòní. Ìyá yẹn fi ìsọ̀ lé e lọ́wọ́, ó sì fi ọ̀rọ̀ kan tì í: ẹni tí kò bá lè fi ènì sí i, kó má ta ọjà wíwọ̀n. Eunice gbà á bí ẹni gba májẹ̀mú. Tó bá ti wọn kọ́ńgò kan fún èèyàn, tó ti dà á sínú ọ̀rá, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ á tún wọ inú àpò lọ, á bu ẹ̀kúnwọ́ kan jáde, á dà á lé e lórí. Ọwọ́ ọ̀hún sì tóbi. Wọ́n máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní ọjà pé ẹni tí Ìyá Japheth bá fọ́ létí, aago ṣọ́ọ̀ṣì ni yóò máa gbọ́ títí di Sunday. Torí ọwọ́ yẹn ni àwọn èèyàn ṣe ń ti Bẹyẹrúnkà fẹsẹ̀ rìn wá, tí wọ́n á kọjá lára oníìrẹsì mẹ́fà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Láyé ìgbà yẹn, ìyẹn kí owó epo bẹntiróòlù tó fò sókè, tí ohun gbogbo sì fò tẹ̀ lé e, kọ́ńgò ló kéré jù tí èèyàn ń rà. Obìnrin kan wà, Mísíìsì Oyèdélé, tíṣà ni, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kọ́ńgò mẹ́wàá ni tiẹ̀ ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, wọ́n á bá a gbé e dé ìdí máíkírà akérò. Ó di márùn-ún. Ó di méjì. Ó wá di pé kọ́ńgò kan ló ń rà lọ́sẹ̀, á sì gbé e fúnra rẹ̀ nínú báàgì ìwé. Ní ọjọ́ kan, ó dúró, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá rọra béèrè bí ẹni ń béèrè ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nílé onílé, pé ṣé Ìyá Japheth ò ní agolo mílíìkì tó lè fi wọn ọ́n ni?

Ọjọ́ náà ni Ìyá Japheth fọ agolo mílíìkì kan, ó fi òkúta ha etí rẹ̀ kó má baà gé èèyàn lọ́wọ́. Agolo mẹ́wàá ló wọ kọ́ńgò kan. Kí oṣù méjì tó pé, agolo ló ń ṣiṣẹ́, kọ́ńgò ń sinmi. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan. Ìyá Bọ̀wálé elépo tí ìsọ̀ wọn jọ kangun síra, tó jẹ́ pé ìgò ló fi ń ta epo tẹ́lẹ̀, ọ̀rá kéékèèké tó tó àtàǹpàkò ló ń di epo sí báyìí, á tò wọ́n kalẹ̀ bí ẹyin aláǹgbá. Ẹni tó ń ra páálí máàgì kan ń ra hóró méjì. Ẹni tó ń ra ọṣẹ odidi ń ní kí wọ́n gé e.

Ohun tó gbé Olúwakẹ́mi dé ìsọ̀ náà nìyẹn. Ìyàwó Japheth ni, ó bí ọmọ kan fún un, Ayọ̀mikún. Japheth ń wa máíkírà. Kẹ́mi mọ iṣẹ́ télọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra ìrẹsì ní agolo kì í rántí pé òun fẹ́ dá aṣọ. Nígbà tí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ti jókòó fún oṣù mẹ́ta láìgbọ́ “kẹ̀kẹ̀kẹ̀”, Ìyá Japheth ní kó máa bọ̀ ní ìsọ̀, ó ṣe tán, ọwọ́ kì í pọ̀ jù lójà. Ọmọ náà yá lọ́wọ́, ó mọ́ tónítóní, ẹnu rẹ̀ sì dùn mọ́ oníbàárà. Nǹkan kan ṣoṣo ni Ìyá Japheth kò fẹ́ nípa rẹ̀: ènì tirẹ̀ kò ju ohun tí ìka mẹ́ta lè mú lọ. Ó tilẹ̀ sọ ọ́ lọ́jọ́ kan pé, Màámi, ènì yín yìí kò ha pọ̀ jù fún agolo? Ìyá Japheth rẹ́rìn-ín, ó ní télọ̀ ló máa ń wọn nǹkan ní íǹṣì íǹṣì, oníìrẹsì kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ahun kì í ta ọjà. Kẹ́mi náà rẹ́rìn-ín. Kò tún sọ ọ́ mọ́.

Nígbà tó yá ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù.

Kọ́ńgò mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló wà nínú àpò kan. Ọ̀kan á bá ènì lọ, ìyẹn ti wà nínú ìṣirò láti ayé ìyá rẹ̀. Ọgbọ̀n yóò dá owó tó fi ra àpò ní Bódìjà àti owó ọkọ̀ padà. Méjì tó kù ni èrè, òun ni wọ́n ń jẹ, òun ni wọ́n fi ń san owó ilé ìwé, inú rẹ̀ ni ìdámẹ́wàá ti ń jáde. Bí ó ti ṣe ń rí nìyẹn fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àfi ìgbà tí àpò kan tán, tí Ìyá Japheth kó owó jọ, tí owó náà kò ju ti kọ́ńgò méjìdínlọ́gbọ̀n lọ. Ó rò pé òun ṣe àṣìṣe. Àpò kejì, bákan náà. Ẹ̀kẹta, ó ní láti gba owó àjọ rẹ̀ ṣáájú àsìkò kó tó lè ra òmíràn. Òwò tó ń jẹ owó ara rẹ̀, ọjọ́ rẹ̀ kì í pẹ́. Ó rí ìsọ̀ ìyá rẹ̀ lójú inú bí èyí tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀, tí ẹlòmíràn sì ń ta báńtẹ́ ọmọdé níbẹ̀.

Ó yẹ ìdí àpò wò bóyá eku lu ú. Eku kò lu ú. Ó fura sí àwọn tó ń tà fún un ní Bódìjà, ló bá tú odidi àpò sórí ẹní, ó wọ̀n ọ́n ní kọ́ńgò kọ́ńgò. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n géérégé. Ó jẹ́ pé ìsọ̀ ni ìrẹsì ti ń lọ nìyẹn. Ọwọ́ ènìyàn méjì péré ló sì ń wọ inú àpò náà.

Kò fẹ́ rò ó. Ó lé e lọ, ó padà wá. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, bí wọ́n bá ń kọrin, òun á máa ka kọ́ńgò. Ó sọ ọ́ fún Ìyá Bọ̀wálé, èyí tí ì bá má sọ. Ìyá Bọ̀wálé mi orí, ó ní òun ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o, ẹ má fi òun ṣe ẹlẹ́rìí, ṣùgbọ́n bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Láti ọjọ́ náà ni Ìyá Japheth ti ń fi ìka fa ìlà sójú ìrẹsì kó tó lọ tọ̀, tó bá dé, á wo ìlà rẹ̀. Ó ń wo ibi tí Kẹ́mi ń kó aṣọ sí. Ó ń wo bí báàgì rẹ̀ ṣe tóbi tó ní àárọ̀, á tún wò ó nírọ̀lẹ́. Ọmọ náà ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀, “Ẹ káàárọ̀, Màámi, ṣé ẹ jí dáadáa?” Ìyá Japheth á dáhùn, ojú rẹ̀ á sì wà lára báàgì.

Ní ọjọ́bọ̀ kan, wọ́n ń palẹ̀ mọ́. Ìyá Japheth ní òun ń wá kọ́kọ́rọ́. Kọ́kọ́rọ́ wà ní ìdí ìró rẹ̀, ó mọ̀. Ó nawọ́ gán báàgì Kẹ́mi, ó ṣí i, níbi tí Ìyá Bọ̀wálé àti oníbàárà méjì ti ń wò. Ọ̀rá dúdú kan wà nínú rẹ̀. Ìrẹsì ló wà nínú ọ̀rá náà, kò ju agolo méjì lọ.

Oníbàárà kan na ọrùn wò ó.

Kẹ́mi ní, “Màámi, mo rà á lọ́wọ́ ìyá kan ní Bẹẹrẹ ni.”

Ìyá Japheth wò ó. Ó ní, “Ẹni tó ń ta ìrẹsì ló lọ ra ìrẹsì?”

Ọ̀rọ̀ tó sọ kò ju ìyẹn lọ. Kò pariwo. Ó máa ń tẹnu mọ́ ọn títí dòní pé òun kò pe ẹnikẹ́ni lólè. Kẹ́mi tú épúrọ́ọ̀nù rẹ̀, ó ká a, ó fi sórí bẹ́ǹṣì, ó kúnlẹ̀, ó ní ó dàárọ̀, Màámi, ó gbé báàgì òfìfo rẹ̀, ó lọ. Inú sì ń bí Ìyá Japheth débi pé ó gbé ọ̀rá ìrẹsì náà, ó dà á padà sínú àpò, ó ní kí ìrẹsì lọ bá àwọn ẹbí rẹ̀.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, Kẹ́mi ti wà ní Òjé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀.

Japheth wá sí ìsọ̀. Kò jókòó. Ìyá rẹ̀ bu omi fún un, kò gbà á.

Ó ní, “Màámi, ẹ pe ìyàwó mi lólè.”

“Mi ò pè é lólè.”

“Kí lẹ wá pè é?”

Ìyá rẹ̀ gbé omi náà kalẹ̀. Japheth wọ inú máíkírà rẹ̀, ó lọ, kò sì wá jẹun lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Àwọn èrò ọjà ti gbé ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ń bá a lọ. Wọ́n á wá bá Ìyá Japheth kẹ́dùn: pẹ̀lẹ́ o, ọmọ aráyé burú. Kò dá wọn lóhùn bẹ́ẹ̀ ni, kò dá wọn lóhùn bẹ́ẹ̀ kọ́. Èyí tó dùn ún jù nìyẹn nígbà tó yá, pé òun dákẹ́, tí ìdákẹ́ òun sì ń jẹ́rìí.

Ní ọjọ́ Tuesday, Mísíìsì Oyèdélé yà síbẹ̀ bó ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, láti ra agolo kan. Ó kí i tán, ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Ìyá Japheth, ẹ má bínú sí mi o. Díẹ̀ ló kù kí òkúta ká eyín David ọmọ mi lánàá.”

Ìyá Japheth ní òkúta kẹ̀? Nínú ìrẹsì tòun? Ìrẹsì rẹ̀ kì í ní òkúta, gbogbo ayé mọ̀. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan látinú àpò, ó tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Àárín hóró gígùn funfun tirẹ̀ ló ti rí wọn: hóró kúkúrú, tó pọ́n díẹ̀, pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́. Ìrẹsì ilẹ̀ wa ni, èyí tó rọjú díẹ̀, tí òun kì í tà rárá. Wọ́n ń tà á ní Bẹẹrẹ.

Kẹ́mi ra ìrẹsì rẹ̀ ní tòótọ́. Ó gba ibòmíràn lọ rà á, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé inú ìsọ̀ ìyá ọkọ òun lòun ti ń jẹun. Ìyá Japheth sì ti dà á sínú àpò.

Mísíìsì Oyèdélé rò pé ọ̀rọ̀ òkúta ló ba obìnrin náà lójú jẹ́, ló bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dídùn tù ú nínú. “Ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Ènì yín ti san án tipẹ́. Ṣé ẹ mọ̀ pé ènì yín ni a fi ń se ìrẹsì ọjọ́ Sunday?”

Ìyá Japheth ní báwo?

Tíṣà bá ṣàlàyé tayọ̀tayọ̀, bí ẹni ń dúpẹ́. Ó ní tẹ́lẹ̀ òun á ra agolo mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, òun á gba ènì kan. Ìgbà tó yá ni òun ronú sí i. Ní ọjọ́ tí òun bá fẹ́ ra mẹ́ta, òun wá ń ra agolo kan láàárọ̀ bí òun bá ń lọ síṣẹ́, ọ̀kan bí òun bá ń bọ̀, òun á wá rán David wá ra ọ̀kan tó kù nírọ̀lẹ́. Ènì mẹ́ta nìyẹn. Òun á yọ ènì sọ́tọ̀ sínú ike kan. Bí ọ̀sẹ̀ bá fi parí, ó ti tó oúnjẹ ọjọ́ kan. “Gbogbo wa nínú ọgbà wa la mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó ń ra agolo méjì pọ̀ lọ́dọ̀ yín mọ́. A máa ń gbàdúrà fún ọwọ́ yín yẹn.”

Ìyá Japheth fi ẹnu rẹ́rìn-ín, torí oníbàárà ni. Ó wọn agolo náà. Ọwọ́ rẹ̀ sì wọ inú àpò lọ fúnra rẹ̀, ó bu ènì, ó dà á lé e, kó tó mọ̀ pé òun ti ṣe é.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé abọ́ tánganran kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀. Gbogbo ènì tó bá ti fún ènìyàn, ó ń bu irú rẹ̀ gan-an sínú abọ́ náà. Títí di ìrọ̀lẹ́. Ó wá wọn ohun tó wà nínú abọ́. Agolo mẹ́jọ àti díẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà sì ni àpò kan fi ń tán. Kò nílò tíṣà láti bá a ṣe ìyókù. Kọ́ńgò mẹ́rin tó ń sọnù, ọwọ́ rẹ̀ ló ń gbé e, ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ tí ìyá rẹ̀ yìn. Àgbà oníìrẹsì ń fi ènì kọ́ńgò sórí agolo, kò sì mọ̀. Ọmọ tó sọ fún un ló lé lọ.

Ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó lọ sí Òjé. Kẹ́mi ò sí nílé, tàbí wọ́n ní kò sí. Esther, ìyá rẹ̀, ló gba Ìyá Japheth ní àlejò. Ó gbé àga fún un, ó gbé omi fún un, ó kí i kíkí àna láìfi ọ̀kan sílẹ̀. Ìyá Japheth fẹ́ kúnlẹ̀, Esther di apá rẹ̀ mú, ó ní àgbà ò kúnlẹ̀ nílé òun. Ó gbọ́ gbogbo àlàyé, láti orí abọ́ dé orí agolo. Ó wá ní, “Àna mi, ọjà lẹ ti ṣí báàgì ọmọ mi. Ẹ ò lè wá dí i nínú yàrá.”

Nígbà tó ń bọ̀ nínú máíkírà ni ẹ̀rù tó bà á jù lọ dé. Torí kò sí bí òun ṣe fẹ́ wẹ Kẹ́mi mọ́ ní ọjà láìdárúkọ ènì. Bí òun bá sì sọ pé ènì ló ń pa òun, òun gbọ́dọ̀ dín in kù lójú wọn. Àwọn tó ń ti Bẹyẹrúnkà wá, nítorí kí ni wọ́n ṣe ń wá? Oníìrẹsì mẹ́fà ló wà lójú ọ̀nà. Ó lè gba ìyàwó ọmọ padà kó má sì ní ìsọ̀ tí wọ́n á jọ jókòó sí. Ó rò ó láti Òjé títí ọkọ̀ fi já a sílẹ̀ ní ìdí Mápó.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí èrò pọ̀, ó dìde lórí àpótí rẹ̀. Ó pe Ìyá Bọ̀wálé, ó pe àwọn tó wà nítòsí. Ó ní kí gbogbo wọn gbọ́ o: Olúwakẹ́mi kò jí ìrẹsì òun. Èyí tó wà nínú báàgì rẹ̀, owó rẹ̀ ló fi rà á. Ẹni tó ń kó ìrẹsì òun rèé, ó wá na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ó bá ṣàlàyé. Ó wá mú ṣíbí kan jáde, ó ní láti òní lọ, ṣíbí yìí ni ènì agolo, ẹni tó bá ra kọ́ńgò yóò gba ẹ̀kúnwọ́ rẹ̀.

Ìyá Bọ̀wálé kò wo ojú rẹ̀. Obìnrin kan láti Bẹyẹrúnkà ló kọ́kọ́ fọhùn, ó ní, “Ìyá Japheth ti di nọ́ọ̀sì. Ṣé ká lò ó ṣáájú oúnjẹ ni àbí lẹ́yìn oúnjẹ?” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Ìyá Japheth náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n obìnrin náà kò rà. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó kọjá sí ìsọ̀ kejì.

Mísíìsì Oyèdélé ṣì ń wá. Ó tijú fún ọjọ́ mélòó kan, ó wá padà. Àwọn mìíràn kò padà. Àpò tó ń tán lọ́jọ́ mẹ́fà, ó di ọjọ́ mẹ́wàá kó tó tán báyìí, ṣùgbọ́n kọ́ńgò méjì èrè rẹ̀ ń yọ. Ó ń wo àwọn tó ń kọjá, ó ń ka àwọn tó yà. Japheth ti wá jẹun lẹ́ẹ̀kan, ó jẹ ẹ́ tán, kò sọ̀rọ̀ ìyàwó.

Kẹ́mi ló pè é fúnra rẹ̀ lórí fóònù, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀. Ó ní òun gbọ́ ohun tí Màámi ṣe ní ọjà. Ó béèrè àlàáfíà wọn. Ó béèrè bóyá ṣíbí ọ̀hún kò tóbi jù. Lẹ́yìn náà ni owó inú fóònù tán, Ìyá Japheth náà kò sì ní owó nínú tirẹ̀.

Mo yà sí ìsọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ra agolo kan. Ó nu bẹ́ǹṣì níbi tí Kẹ́mi máa ń jókòó sí, bẹ́ẹ̀ kò sí ìdọ̀tí níbẹ̀. Mo bi í pé kí ni ìyàwó sọ gan-an.

Ó ní, “Ó ní òun ń bọ̀ ní Sátidé. Kò tíì sọ Sátidé tó jẹ́ tí owó fóònù fi tán. Sátidé méjì ló ti kọjá.”